Àlàfo Inú Òrùka

Bí ẹ bá fẹ́ kí Kaosarah ṣe nǹkan, ẹ sáà ti wí fún un pé kò lè ṣe é. Bí wọ́n ṣe bí i nìyẹn. Nígbà tó wà ní kékeré, ìyá rẹ̀ ní ọmọbìnrin kì í gun igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé wọn ní Mọ́kọ́lá. Orí ẹ̀ka tó ga jù ni wọ́n ti bá a lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó ń jẹ máńgòrò, ó ń ju kóró rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n sì bẹ̀ ẹ́ títí kó tó sọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ bá rò pé ìwé kíkà máa ń wo irú orí kunkun bẹ́ẹ̀ sàn, ẹ̀ ń tan ara yín jẹ ni. Ńṣe ni ìwé tún bu epo sí i.

Ó kàwé, ó tún ìwé kà, títí tó fi dé ìdí oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ físíìsì, ní yunifásítì aládàáni kékeré kan lẹ́bàá Ring Road. Ẹ má bi mí ní orúkọ yunifásítì náà. Mi ò fẹ́ wàhálà, àwọn ará ibẹ̀ sì mọ ara wọn.

Iṣẹ́ tó ń ṣe níbẹ̀ kò ṣòro sọ, ṣíṣe rẹ̀ ló le. Gbogbo wa la mọ̀ pé fóònù àti Wáífáì ń rán ìgbì kiri inú afẹ́fẹ́, ìgbì tí ojú ò rí. Ẹni tó bá ti gbọ́ bí rédíò ṣe ń ké kẹ̀kẹ̀kẹ̀ nígbà tí ìpè bá fẹ́ wọlé sórí fóònù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ti mọ̀ pé ìgbì ẹ̀rọ kan lè da ẹ̀rọ mìíràn láàmú. Tó bá wá jẹ́ ẹ̀rọ ọsibítù ni wọ́n ń dà láàmú ńkọ́? Tí ìgbì yìí bá kan bàbà, yóò ta padà. Tó bá kan ike, yóò gba inú rẹ̀ kọjá. Kaosarah ní òun fẹ́ ṣe pátákó pẹlẹbẹ kan tí ìgbì yóò dé ara rẹ̀, tí kò ní ta padà, tí kò sì ní kọjá. Pátákó náà yóò gbé e mì ni, ìgbì náà yóò sì di ooru díẹ̀ tí ọwọ́ ò tilẹ̀ ní mọ̀ lára.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá dùn ni pé bàbà tó ń ta ìgbì padà yẹn náà ló fẹ́ fi gbé ìgbì mì. Ohun tí wọ́n fi ṣe pátákó náà kọ́ ló ń ṣiṣẹ́ yìí, bí wọ́n ṣe gé e ni. Àwọn tó ń ṣe é káàkiri ayé ń pè é ní mẹtamatíríà. Wọn á gé bàbà ojú pátákó sí òrùka onígun mẹ́rin wẹ́wẹ́, òrùka kọ̀ọ̀kan á sì ní àlàfo tín-ín-rín kan ní ẹ̀gbẹ́, bí ẹnu ọmọdé tí eyín kan ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ kúrò níbẹ̀. Bí òrùka náà ṣe tóbi tó àti bí àlàfo rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó ló ń sọ ìgbì tí yóò dá lóhùn. Ẹ lọ dúró láàárín èrò ní Ṣàngó, kí ẹ kígbe "Shakirah!" Gbogbo èrò á máa bá tiwọn lọ, Shakirah nìkan ni yóò yíjú. Bẹ́ẹ̀ ni òrùka ṣe ń ṣe sí ìgbì tirẹ̀. Tí ìgbì náà bá ti pè é, iná mànàmáná á bẹ̀rẹ̀ sí í sáré lọ sáré bọ̀ nínú bàbà náà, agbára ìgbì á wọlé, ike tó wà láàárín bàbà iwájú àti bàbà ẹ̀yìn á sì sọ ọ́ di ooru. Odidi bàbà tí wọn ò gé rárá ló wà lẹ́yìn pátákó, òun ni kò jẹ́ kí ìgbì rí ibi gbà jáde.

Nígbà tí Kaosarah dúró ṣàlàyé gbogbo èyí níwájú àwọn olùkọ́ rẹ̀, Pùròfẹ́sọ̀ Ikúbọlájẹ́, tó jẹ́ olórí ẹ̀ka náà, bú sẹ́rìn-ín.

"Ọmọ yìí," ó ní, "yàrá tí wọ́n ti ń wọn irú nǹkan yìí ní Yúróòpù, owó ògiri rẹ̀ nìkan á kọ́lé ní Bódìjà. Kí lo fẹ́ fi wọ̀n ọ́n níbí?"

"Agolo mílíìkì ni, sà."

Gbogbo yàrá ya ẹnu rẹ́rìn-ín. Ẹ dákun, kí ló pa wọ́n lẹ́rìn-ín? Òótọ́ ló sọ. Agolo mílíìkì ńlá méjì ló gé, ó sọ wọ́n di eríàlì, ọ̀kan ń rán ìgbì, ọ̀kan ń gbà á, ó sì fi wáyà so méjèèjì mọ́ ẹ̀rọ ìwọ̀n kan tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ojú ẹ̀rọ yẹn ni ìlà kan ti ń hàn. Tí ìgbì bá ta padà, ìlà náà á dúró sókè. Tí nǹkan bá gbé ìgbì mì, ìlà á já wálẹ̀. Kò sí awo níbẹ̀.

"Tí nǹkan kan bá tilẹ̀ sọnù nínú ìgbì rẹ," ni Pùròf tún wí nígbà tó rẹ́rìn-ín tán, "ike inú pátákó lásán ló gbé e mì. Kò sí ike tí kì í gbé díẹ̀ mì. Kí ló wá kan òrùka? Lọ jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ṣe ìṣirò rẹ, gba oyè rẹ, kó o rójú lọ sílé ọkọ."

Kaosarah wò ó. Inú bí i débi pé etí rẹ̀ ń ho. "Ẹ má bínú, sà," ó ní, "mi ò bá yín sọ̀rọ̀ ilé ọkọ. Ọ̀rọ̀ òrùka ni mo bá wá, mi ò sì ní yí i padà."

Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu wọn. Dọ́kítà Abọ́sẹ̀dé, obìnrin tó ń bójú tó iṣẹ́ ìwádìí Kaosarah, sorí kọ́, ó ń wo bàtà ara rẹ̀. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni, ó sì fẹ́ràn Kaosarah, ṣùgbọ́n bí ọmọ ilé kéú ṣe ń bẹ̀rù pàṣán ló ṣe ń bẹ̀rù Pùròf.

"Ó dáa," ni Pùròf wí. "Gbé pátákó rẹ wá ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, níwájú ìgbìmọ̀. Tó bá gbé ìgbì mì, tí o sì fi yé wa pé òrùka ló ṣe é, kì í ṣe ike, máa bá iṣẹ́ rẹ lọ. Tí kò bá ṣe é, iṣẹ́ yìí parí lọ́jọ́ náà. Wàá gbé agolo rẹ kúrò ní yàrá wa, wàá sì wá iṣẹ́ mìíràn bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀."

Ẹ̀yin tí ẹ bá ti fi ọdún púpọ̀ ṣe nǹkan kan rí, ẹ ó mọ ohun tí gbólóhùn yẹn wúwo tó. Dọ́kítà Abọ́sẹ̀dé sáré tẹ̀ lé Kaosarah jáde.

"Kaosarah, kí ló dé tó ò lè panu mọ́ nígbà míì?"

"Mà, tí mo bá panu mọ́, wọn á rò pé mo ti gbà ni."

Láti ọjọ́ náà, Kaosarah ò mọ oúnjẹ, kò mọ oorun. Ó lọ tẹ àwòrán òrùka rẹ̀ síta ní ṣọ́ọ̀bù àwọn onítẹ̀wé ní Agbowó níbi tó ń gbé, ó da àwòrán náà bo ojú bàbà, ó fi ayọ́ọ̀nù ìlọṣọ tó gbóná janjan lọ̀ ọ́ títí tí tádàwà fi lẹ̀ mọ́ ọn. Ó kù kí ó rì í sínú kẹ́míkà tí yóò jẹ bàbà tí tádàwà ò bò dànù. Ibi iṣẹ́ bàbá rẹ̀ ní Mọ́kọ́lá ni kẹ́míkà náà wà. Mùsílíù, bàbá rẹ̀, ará Ìsẹ́yìn tó ti di ará Ìbàdàn pátápátá, ń tún áńpílífáyà àti ínfátà ṣe. Ògbóǹtarìgì ni. Ẹ̀rọ tí wọ́n bá ti gbé ká gbogbo Mọ́kọ́lá tí kò gbọ́, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń gbé e wá kẹ́yìn, gbogbo àdúgbò sì ń pè é ní Ẹnjiníà.

Ní ọ̀sán Ọjọ́rú, òrùka ti jáde lójú pátákó náà lẹ́sẹẹsẹ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọgọ́rùn-ún, gbogbo wọn sì mọ́ gaara pẹ̀lú àlàfo wọn. Inú Kaosarah dùn débi pé ó jó díẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù. Ó fi pátákó náà sílẹ̀ kó gbẹ, ó sì sáré lọ sí Ring Road lọ to agolo rẹ̀.

"Má wulẹ̀ padà wá gbé e," ni bàbá rẹ̀ wí. "Mo ní iṣẹ́ kan láti ṣe nílé oníbàárà kan ní Challenge lọ́la. Màá kọ́kọ́ gbé e wá fún ọ. Èmi náà fẹ́ rí ohun tí ọmọ mi ń ṣe níbẹ̀."

Ọjọ́bọ̀ dé, ìgbìmọ̀ jókòó: Pùròf, Dọ́kítà Abọ́sẹ̀dé, àti àwọn olùkọ́ méjì láti ẹ̀ka mìíràn, ọkùnrin sísanra kan àti ọ̀kan tó fá orí kodoro. Mùsílíù bọ́ sílẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá, báàgì irinṣẹ́ rẹ̀ kọ́ ọ léjìká, ó gbá pátákó tó fi ìwé ìròyìn wé mọ́ àyà bí ọmọ tuntun.

"Ta nìyí?" ni Pùròf bèèrè.

"Bàbá mi ni, sà."

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Ẹ jókòó sẹ́yìn lọ́hùn-ún. Ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan o."

Mùsílíù dúpẹ́, ó lọ jókòó sẹ́yìn. Kaosarah gbé ìbínú yẹn mì, ó ní òun ṣì máa bá a níwájú. Ó kọ́kọ́ gbé bàbà lásán tí kò ní òrùka kọ́ síwájú agolo. Ìlà dúró sókè gbọnrangandan, gbogbo ìgbì tó rán jáde ló ta padà. Gbogbo wọn mi orí. Ó wá tú ìwé ìròyìn kúrò lára pátákó rẹ̀.

Kò sí àlàfo kankan mọ́. Òrùka kọ̀ọ̀kan ló ní léèdì funfun roboto kan, irú èyí tí wọ́n fi ń lẹ wáyà, níbi tó yẹ kó là, ó ń dán, ó mọ́, ó dọ́gba. Ó gbójú sókè wo ẹ̀yìn yàrá. Bàbá rẹ̀ na àtàǹpàkò sókè sí i, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé. Gbogbo àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ṣe ní Mọ́kọ́lá ló ní òfin kan: ojú láìnì bàbà tó bá já lórí bọ́ọ̀dù, o ò gbọ́dọ̀ dá bọ́ọ̀dù náà padà fún oníbàárà láìlẹ̀ ẹ́. Wọn kì í béèrè ìdí tó fi já. Ọ̀gá tó kọ́ Mùsílíù níṣẹ́ a máa fọ́ ọ létí tó bá gbàgbé ọ̀kan. Nígbà tí Mùsílíù wá gbé pátákó ọmọ rẹ̀ síta ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, tó rí i pé gbogbo òrùka náà ló já, tí gbogbo wọn sì já síbì kan náà, ó pòṣé. Ó ní kẹ́míkà ti jẹ ẹ́ jù. Ó ní tí òun bá pe Kaosarah, ẹ̀rù á bà á, kò ní sùn. Ó bá fa àga, ó tan ayọ́ọ̀nù léèdì rẹ̀, ó sì ń lẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan títí tí wọ́n fi pe ìrun ìrọ̀lẹ́. Ó ń ṣàdúrà fún ọmọ rẹ̀ bó ṣe ń lẹ̀ wọ́n. Ìfẹ́ baba sọ́mọ nìyẹn o, òun náà ló sì ba nǹkan jẹ́.

Kaosarah ò kúkú mọ gbogbo èyí lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ní láti rò ó fún un. Ó mọ ọwọ́ bàbá rẹ̀. Ìṣẹ́jú àáyá kan wà tó fẹ́ pariwo mọ́ ọn, kó ní ta ló rán yín níṣẹ́? Ó wo àtàǹpàkò tó ṣì nà sókè náà, ó sì fi ọ̀rọ̀ ọ̀hún sílẹ̀.

"Ṣé ojúmọ́ ọ̀la la máa rí i ni?" ni Pùròf bèèrè.

Ó gbé pátákó náà kọ́ bẹ́ẹ̀. Kí ni kó ṣe? Ìlà ojú ẹ̀rọ dúró sókè gbọnrangandan, bíi ti bàbà lásán. Kò mì.

"Ẹ rí i bí?" Pùròf yíjú sí àwọn yòókù, ó ń kó ìwé rẹ̀ jọ. "Ohun tí mo ti sọ látọjọ́ yìí nìyẹn. Mo ṣe tán."

Dọ́kítà Abọ́sẹ̀dé sún mọ́ Kaosarah. "Kí ló ṣẹlẹ̀?" ó ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́.

"Wọ́n ti lẹ àlàfo rẹ̀, mà."

"Ta ló lẹ̀ ẹ́?"

Kaosarah ń wo ẹ̀yìn yàrá. Ṣùgbọ́n etí Pùròf ta sí i. "Wọ́n lẹ̀ ẹ́? Wò ó, mi ò burú tó bí o ṣe rò. Tó bá jẹ́ pé ẹlòmíràn ló ba iṣẹ́ rẹ jẹ́, sọ ọ́. Kọ ọ́ sílẹ̀ pé oníṣẹ́ ọwọ́ kan tí kò mọ nǹkan kan ló bà á jẹ́, fọwọ́ sí i, màá fún ọ ní oṣù kan sí i."

Oṣù kan! Ó kéré tán, yóò rí pátákó mìíràn ṣe. Gbólóhùn kan péré ni wọ́n ń béèrè lẹ́nu rẹ̀, gbólóhùn náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ní kí ó pè ní ẹni tí kò mọ nǹkan kan jókòó sẹ́yìn, báàgì irinṣẹ́ wà lórí itan rẹ̀.

Mùsílíù fúnra rẹ̀ ló dìde. Ẹ̀rín ti kúrò lójú rẹ̀. "Èmi ni," ó ní. "Èmi ni mo lẹ̀ ẹ́. Àbẹ̀ḿbí," oríkì Kaosarah ló pè yẹn, "ṣé kì í ṣe pé ó já ni?"

"Kò já, Bàámi. Èmi ni mo gé e bẹ́ẹ̀. Àlàfo yẹn ni gbogbo iṣẹ́ náà."

Ọkùnrin náà padà jókòó, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. Omijé bọ́ lójú Kaosarah, kì í ṣe torí pátákó mọ́, torí bàbá rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Nínú omijé yẹn ló ti ń wo ìlà tó dúró sókè lójú ẹ̀rọ, ó wò ó, ó tún un wò, nǹkan kan sì ta á jí. Ike wà nínú pátákó náà bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Bàbà wà lójú rẹ̀, ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Kí ló wá dé tí kò gbé nǹkan kan mì?

Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Mi ò ní kọ nǹkan kan," ó ní. "Ẹ jókòó, sà."

"Kí lo wí?"

"Mo ní ẹ jókòó. Ẹ̀yin lẹ ní ike lásán ló ń gbé ìgbì mì. Ike náà rèé, ó wà níwájú yín. Kí ló gbé mì? Ẹ wo ìlà yẹn, kò gbé ẹyọ kan mì! Nínú gbogbo ohun tí mo fi ṣe pátákó yìí, kò sí ohun tó kúrò níbẹ̀ àyàfi àlàfo. A máa ṣí i báyìí lójú yín, a ó sì rí ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ́ òótọ́."

"Ìgbìmọ̀ ti parí," ni Pùròf wí, ó dìde, ó gbé fáìlì rẹ̀ sábẹ́ apá.

Bóyá omijé yẹn ni o, bóyá ó ti sú òun náà ni o, Dọ́kítà Abọ́sẹ̀dé wọ́ àga rẹ̀ gbàrà-gbàrà lórí ilẹ̀ títí dé iwájú agolo, ó sì jókòó lé e. "Kò tíì parí lọ́dọ̀ tèmi," ó ní. Àwọn olùkọ́ méjì tó kù wo ara wọn, àwọn náà ò dìde. Pùròf dúró lẹ́nu ọ̀nà. Tó bá lọ, wọ́n á rí àbájáde rẹ̀ lẹ́yìn òun, ìyẹn sì burú ju kó wà níbẹ̀ lọ. Ó dúró síbẹ̀, kò jókòó, kò jáde.

"Bàámi," ni Kaosarah wí, "ẹ gbé ayọ́ọ̀nù yín wá."

"Ojú ń tì mí, ọmọ mi."

"Ẹ jẹ́ kó máa tì yín. Ẹ gbé e wá."

Mùsílíù dé iwájú, ó ki ayọ́ọ̀nù bọ iná, ó yọ wáyà bàbà tí wọ́n lọ́ pọ̀, èyí tó máa ń fa léèdì gbígbóná mu. Kaosarah di pátákó mú. Bàbá ń yọ́ léèdì, ó ń fi wáyà fà á kúrò, ọmọ ń fi abẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ fá ojú àlàfo kó mọ́. Èéfín léèdì gba yàrá. Nígbà tí wọ́n parí ẹsẹ òrùka àkọ́kọ́, Kaosarah gbé pátákó kọ́. Ìlà ojú ẹ̀rọ rọ̀ díẹ̀, díẹ̀ báyìí.

"Ìyẹn kì í ṣe nǹkan kan," ni Pùròf wí láti ẹnu ọ̀nà.

"A ò tíì ṣe tán, sà," ni Kaosarah dá a lóhùn láìwẹ̀yìn.

Wọ́n ṣí ẹsẹ òrùka kejì, wọ́n ṣí ẹ̀kẹta. Bí wọ́n ti ń gbé e kọ́ lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ìlà ojú ẹ̀rọ ń rọ̀ láàárín bí okùn tí wọ́n ń sá aṣọ tútù lé lórí. Olùkọ́ tó sanra bọ́ kóòtù rẹ̀, ó wá dúró tì wọ́n, ó ń bá wọn ka òrùka. Ojú iṣẹ́ ni Mùsílíù wà, ẹ sì mọ̀ pé ẹni tó mọ iṣẹ́ kì í pẹ́ gbàgbé ìtìjú lójú iṣẹ́. Nígbà tí wọ́n dé ìdajì, ó ń fi ẹnu fẹ́ léèdì kúrò, ó ń pàṣẹ fún Kaosarah: "Gbé e sókè díẹ̀. Yí i sọ́tùn-ún. Dúró, dúró!"

Òrùka tó kẹ́yìn là. Kaosarah gbé pátákó kọ́, ó yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí gbogbo wọn lè rí i.

Ìlà náà já lulẹ̀. Láti òkè téńté, ní ojú ìgbì tí wọ́n gé òrùka náà fún, ó já wálẹ̀ títí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi kan ìsàlẹ̀ ojú ẹ̀rọ, ó sì padà gòkè lódì kejì. Ìgbì tó ta padà kò tó nǹkan. Kaosarah gbé agolo kejì lọ sẹ́yìn pátákó, bóyá ibẹ̀ ló gbà kọjá. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ náà.

"Ó ti gbé e mì," ni olùkọ́ tó sanra wí. "Háà! Pátákó kan náà!"

"Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i," ni Dọ́kítà Abọ́sẹ̀dé wí. "Ká ní ó gbé e wá ní ṣíṣí, a ò bá ṣì máa jiyàn ike títí di àárọ̀ ọ̀la. Èmi fọwọ́ sí i kí iṣẹ́ yìí máa lọ." Àwọn olùkọ́ méjèèjì ní àwọn náà fọwọ́ sí i. Ó di mẹ́ta sí ẹyọ kan.

Pùròf ti kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Ó wá tẹ̀ ba sójú ẹ̀rọ, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó tún fi í sójú. A kò ní purọ́ mọ́ ọn, ó mọ ìmọ̀ físíìsì, ó sì mọ ohun tó ń wò. Ó húkọ́.

"Ó dáa," ó ní. "Iṣẹ́ náà dára. Ṣùgbọ́n gbọ́ mi. Nígbà tó o bá ń kọ ọ́ sínú ìwé, kọ ọ́ pé ìwọ lo mọ̀ọ́mọ̀ dí àlàfo wọ̀nyẹn kó o lè fi ìyàtọ̀ hàn. Bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn. Má lọ kọ ọ́ pé ẹnìkan tó ń tún ínfátà ṣe ló ṣèèṣì. Wọ́n á fi ẹ̀ka wa ṣe yẹ̀yẹ́."

"Irọ́ nìyẹn, sà. Mi ò lè kọ irọ́."

"Àbẹ̀ḿbí." Bàbá rẹ̀ fà á láṣọ, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Gbà bẹ́ẹ̀. Ọlọ́run ti ṣe é lóore, jẹ́ kó parí síbẹ̀. Ṣé àṣìṣe mi lo fẹ́ kí gbogbo ayé máa kà?"

Èyí dun Kaosarah ju gbogbo ohun tí Pùròf ti wí láti ìbẹ̀rẹ̀ lọ. Ó yíjú sí bàbá rẹ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ tí iná léèdì ti jó kiri mú, kò sì rẹ ohùn tirẹ̀ sílẹ̀.

"Bàámi, ẹ fi gbogbo ìrọ̀lẹ́ yín lẹ nǹkan yìí torí ẹ ò fẹ́ kí ojú tì mí. Èmi wá fẹ́ fi yín pamọ́ bí ẹni tó jalè? Láéláé! Màá kọ ọ́ bó ṣe rí. Màá kọ ọ́ pé Mùsílíù ló dí i, Mùsílíù náà ló ṣí i, lójú gbogbo wọn. Ẹni tó bá fẹ́ fi wá ṣe yẹ̀yẹ́, kó lọ ṣí ọgọ́rùn-ún òrùka tirẹ̀ ná ká rí i."

Pùròf ń wo Dọ́kítà Abọ́sẹ̀dé bóyá yóò bá òun bá akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ wí. Dọ́kítà Abọ́sẹ̀dé ń wo pátákó. Mùsílíù yọ ayọ́ọ̀nù rẹ̀ kúrò nínú iná, ó fi àkísà nu ẹnu rẹ̀ jẹ́jẹ́, ó gbé e sínú báàgì. Ó gbé báàgì kọ́ èjìká. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró, ó yíjú padà.

"Tó bá jẹ́ pé wàá kọ ọ́ lóòótọ́," ó ní, "má kọ Mùsílíù lásán. Kọ Ẹnjiníà mọ́ ọn."

"Ẹnjiníà?" Pùròf fẹ́ rẹ́rìn-ín. "Ẹnjiníà ti ibo?"

"Ti Mọ́kọ́lá, sà," ni Kaosarah wí, ó fa bíírò yọ, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ lójú rẹ̀.